Ilé Là Ń Wò: Bí Ẹranko Òkun Tíntìntín Ṣe Ń Di Ẹ̀yà Tuntun

Bí omi òkun bá fà sẹ́yìn kúrò lórí iyanrìn, tí a bu ṣíbí iyanrìn kan níbẹ̀ sínú àwo, tí a da omi lé e, tí a rò ó dáadáa, tí a sì tètè da omi orí rẹ̀ gba inú asẹ́ tí ojú rẹ̀ kéré gan-an, ìwọ̀nba ìdọ̀tí ráńpẹ́ ni yóò kù sórí asẹ́ náà, kò sì ní jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ gbé ìdọ̀tí yẹn sábẹ́ máíkírósíkóòpù, ẹ ó rí i pé apá kan nínú rẹ̀ ń rìn. Ohun tí ń rìn yẹn ní èèpo, ó ní oríkèé, ó ní ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ níwájú, ó sì ní ẹsẹ̀ méjì-méjì lábẹ́ ara. Ẹbí akàn àti edé ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gùn tó mìlímítà kan. Àwọn tí a sábà máa ń rí jù nínú wọn ni kópépọ́ọ̀dù, orúkọ tí a fà yọ láti inú èdè Gíríìkì, tí ó túmọ̀ sí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dà bí àjẹ̀ ìtukọ̀, nítorí pé awẹ́ pẹlẹbẹ kan so ẹsẹ̀ ọ̀tún mọ́ ti òsì, tí méjèèjì fi ń gbá omi lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìbéèrè tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé ni pé, báwo ni a ṣe ń mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹ̀yà tuntun? Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú òkun ni àwárí ti ń ṣẹlẹ̀, pé ẹnìkan fa àwọ̀n sókè, ó rí ohun tí kò rí rí, ó sì kígbe. Èrò tèmi ni pé orí tábìlì ni àwárí náà ti ń ṣẹlẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí ẹranko náà ti kú. Tuntun kò túmọ̀ sí pé òkun ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i, kò sì túmọ̀ sí pé kò sí ojú tó rí i rí. Ó túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti fi í wé gbogbo àwọn tí ó bá a tan tí wọ́n ti ní orúkọ, ó sì ti fi ẹ̀rí hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí í ṣe òun.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a ní láti wò níhìn-ín gbòòrò gidigidi. Ọdún 1758, ọdún tí ẹ̀dà kẹwàá ìwé tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ohun abẹ̀mí ọmọ Sweden, fi to àwọn ẹranko lórúkọ jáde, ni òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko ka sí ìbẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, orúkọ ẹ̀yà ohun abẹ̀mí inú òkun tí a gbà wọlé ti lé ní 240,000, ti kópépọ́ọ̀dù nìkan sì ti lé ní 10,000. Àpèjúwe àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí fọ́n káàkiri inú ìwé tí a kọ ní èdè Látìn, Jámánì, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn kan wá láti inú ìrìn àjò ọkọ̀ Challenger tí ó yí àwọn òkun ayé ká láti ọdún 1872 sí 1876, tí George Brady sì ṣàpèjúwe kópépọ́ọ̀dù rẹ̀. Àwọn mìíràn wá láti ọwọ́ G. O. Sars ní Norway, ẹni tí àwòrán rẹ̀ ṣì wúlò fún wa títí di òní. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó ṣiṣẹ́ bíi ti Sars. Àpèjúwe àtijọ́ mìíràn kò ju ìlà mélòó kan lọ, kò ní àwòrán, kò sì sí ohun tí ó sọ níbẹ̀ tí kò lè bá ẹ̀yà mẹ́wàá mu. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ọ̀nà mìíràn ju pé kí a kọ̀wé sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tí ẹranko náà wà, kí a tún un wò fúnra wa.

Ẹ má rò pé etíkun tí àwọn onímọ̀ ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ tipẹ́ kò ní nǹkan kan mọ́. Ní ọdún 1943, Robert Pennak àti Donald Zinn ṣàpèjúwe Derocheilocaris typica, ẹranko kan tí gígùn rẹ̀ kò tó mìlímítà kan, láti inú iyanrìn etíkun Massachusetts ní Amẹ́ríkà, nítòsí Woods Hole, níbi tí ilé ìwádìí ohun abẹ̀mí inú òkun ti wà láti ọdún 1888. Kì í ṣe ẹ̀yà tuntun lásán ni wọ́n rí. Ẹ̀ka odidi kan nínú ẹbí akàn àti edé ni, tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà. Èyí tí ó tún kéré sí i ni Stygotantulus stocki, tí a ṣàpèjúwe ní ọdún 1989. Kò gùn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, àfòmọ́ sì ni: ara kópépọ́ọ̀dù, tí àwa fúnra wa kò lè fi ojú lásán rí dáadáa, ni ó ń gbé.

Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí a fi pa ẹranko náà mọ́. Fọ́málínì máa ń jẹ́ kí ara le kí ìrísí sì dúró, ṣùgbọ́n ó máa ń ba DNA jẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó wà nínú ara. Ọtí líle tí omi inú rẹ̀ kéré máa ń pa DNA mọ́, ṣùgbọ́n ara lè súnkì kí àwọn ìwo sì máa kán. Ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó ń ṣe ìpinnu yìí, ẹni tí yóò sì jìyà rẹ̀ lè má tíì wọ ilé ẹ̀kọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ìtúpalẹ̀ ara. A máa ń fi ẹranko náà sínú ẹ̀kán ásíìdì kan tí ń jẹ́ kí ẹran inú rẹ̀ mọ́ gaara bí omi kí èèpo nìkan lè hàn, a ó sì fi abẹ́rẹ́ méjì tí ẹnu wọn tín-ín-rín ju irun lọ yọ àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: ìwo àkọ́kọ́, ìwo kejì, àwọn ohun tí ó fi ń jẹun, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀ kìíní títí dé ẹsẹ̀ karùn-ún. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ó gbé sórí gíláàsì tirẹ̀. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ẹsẹ̀ kan fò lọ nìyẹn, a kì í sì í sábà rí i mọ́. Ohun tí a ń wá kò pọ̀ lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: iye oríkèé inú ìwo, iye irun àti ẹ̀gún tí ó wà lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bóyá ẹ̀gún kan gùn ju èkejì lọ tàbí kò gùn jù ú lọ. Ẹsẹ̀ karùn-ún ni a máa ń tẹjú mọ́ jù, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ìbátan (ìyẹn àwùjọ àwọn ẹ̀yà tí ó bá ara wọn tan jù), kì í ṣe ẹsẹ̀ ìlúwẹ̀ẹ́ mọ́, ìrísí rẹ̀ sì yàtọ̀ láàrin akọ àti abo, ó tún yàtọ̀ láti ẹ̀yà dé ẹ̀yà. Irun kan ṣoṣo tí ó yẹ kí ó wà tí kò sí níbẹ̀ lè jẹ́ ìyàtọ̀ láàrin ẹ̀yà méjì; ó sì lè jẹ́ pé ó kán ni. Ìdí nìyẹn tí a kì í fẹ́ dá lé ẹranko kan ṣoṣo bí a bá lè rí mẹ́wàá.

Àwọn ènìyàn máa ń béèrè ìdí tí a fi ń ya àwòrán lọ́wọ́ nígbà tí kámẹ́rà wà. Máíkírósíkóòpù kì í fi ju ìpele tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ hàn kedere lẹ́ẹ̀kan; bí irun iwájú bá hàn, ti ẹ̀yìn yóò ṣú. Ẹni tí ń yàwòrán ni ó máa ń yí ẹ̀rọ náà sókè sódò, tí ó sì ń kó gbogbo ìpele wọ̀nyẹn jọ sórí ìwé kan. Dígí kékeré kan tí a so mọ́ máíkírósíkóòpù ni ó máa ń jẹ́ kí ojú rí ẹranko àti ìwé pa pọ̀, kí ọwọ́ sì lè máa tọ ìlà rẹ̀. Mo gbà pé ẹni tí kò bá ya ẹsẹ̀ kan rí kò tíì rí ẹsẹ̀ náà.

Ìṣòro tí ó le jù ní tèmi ni pé ọmọ kì í jọ òbí. Kópépọ́ọ̀dù máa ń gba ìpele mẹ́fà kọjá gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun, tí ó rí roboto tí ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́ta lápá kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà ìpele márùn-ún mìíràn kí ó tó dàgbà. Ìgbà mọ́kànlá ni yóò bọ́ èèpo rẹ̀. Bí ẹnìkan bá mú ọ̀dọ́ tí irun rẹ̀ kò tíì pé, tí ó kà á, tí ó sì rí i pé iye rẹ̀ kò bá ti ẹnikẹ́ni mu, ó lè sọ ọmọ ẹlòmíràn ní ẹ̀yà tuntun. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Nínú ẹbí Gnathia, tí wọ́n jẹ́ àfòmọ́ ara ẹja, ọmọ tí ó mu ẹ̀jẹ̀ yó máa ń wú bí àpò, nígbà tí akọ tí ó dàgbà ní orí gbàǹgbà àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ńlá. Orúkọ ìbátan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a fún wọn, Praniza àti Anceus, títí Eugène Hesse, ọmọ Faransé, fi fi hàn ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún pé ẹran kan náà ni wọ́n. Ti Cerataspis pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú ikùn ẹja ni a ti rí ọmọ kékeré abàmì yìí, tí John Edward Gray sọ ní Cerataspis monstrosa ní ọdún 1828, kò sì sí ẹni tí ó rí àgbà rẹ̀. Ní ọdún 2012 ni DNA fi hàn pé ọmọ edé inú ibú òkun ni, edé tí a ti mọ̀ tipẹ́ tí a sì ń pè ní Plesiopenaeus armatus. Nítorí pé òfin sọ pé orúkọ tó kọ́kọ́ jáde ni yóò borí, orúkọ ọmọ ni àgbà ń jẹ́ báyìí.

Ṣé DNA wá lè gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ àti àwòrán? Apá kan nínú DNA, tí ó ní lẹ́tà 658, ni a máa ń kà jù láti fi mọ ẹ̀yà, ó sì ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an láti mọ ẹni tí í ṣe ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹ wo Tigriopus californicus, kópépọ́ọ̀dù inú adágún kéékèèké orí àpáta létí òkun Pàsífíìkì ní Àríwá Amẹ́ríkà. Bí a bá ka DNA àwọn tí ń gbé ní etíkun kan mọ́ ti etíkun mìíràn, ìyàtọ̀ wọn lè lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, síbẹ̀ wọ́n jọra, wọ́n lè gùn ara wọn, wọ́n sì ń bímọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọmọ-ọmọ wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Ẹ̀yà kan náà ni a ṣì ń pè wọ́n. Iye lẹ́tà tí ó yàtọ̀ kì í pinnu ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ẹnìkan ṣì ní láti jókòó kí ó rò ó.

Nígbà tí ìdánilójú bá wà, òfin àgbáyé lórí orúkọ ẹranko béèrè pé kí a yan ẹranko kan ṣoṣo tí orúkọ náà yóò so mọ́. Holotype ni a ń pè é. Láti ọdún 2000, orúkọ ẹ̀yà tuntun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ láìsí pé a sọ èyí tí í ṣe holotype tàbí àwọn tí yóò dúró ní ipò rẹ̀ pọ̀, àti ibi tí a fi wọ́n pamọ́ sí. Kò pọn dandan kí ó jẹ́ èyí tó rẹwà jù tàbí tí ara rẹ̀ pé jù. Bí ó bá di ọdún 100 sí ìsinsìnyí, tí ẹnìkan sì sọ pé ẹ̀yà méjì ni ó pa pọ̀ sábẹ́ orúkọ kan, òun ni wọn yóò yẹ̀ wò láti mọ èyí tí ó ni orúkọ náà.

Ní ti orúkọ fúnra rẹ̀, ọwọ́ ẹni tí ń kọ̀wé ni ó wà. Gnathia marleyi gba orúkọ rẹ̀ lára Bob Marley ní ọdún 2012, nítorí pé olùṣàpèjúwe rẹ̀ fẹ́ràn orin Marley, omi Caribbean sì ni ó ń gbé. Leucothoe eltoni, láti Indonesia, gba tirẹ̀ ní ọdún 2015 nítorí pé ẹ̀yà ara kan tí ó wú lára rẹ̀ rán olùṣàpèjúwe rẹ̀ létí bàtà ńlá kan tí Elton John, olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ̀. Eurythenes plasticus, tí kò fi bẹ́ẹ̀ kéré bí àwọn tí mo ti ń sọ, ni a sọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2020 nítorí ike tí a rí nínú ìfun rẹ̀, láti inú ibú Mariana nínú òkun Pàsífíìkì, níbi tí ó jìn ju 6,000 mítà lọ. Mo lè pe ìyẹn ní orúkọ àmútọ̀runwá, àfi pé kì í ṣe ọ̀run ni ike náà ti wá. Òfin gba ọ̀rọ̀ láti inú èdè èyíkéyìí, tiwa náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò gba àmì ohùn tàbí àmì ìsàlẹ̀ kankan: igbá, ìgbá, ìgbà àti igba yóò di ọ̀rọ̀ kan náà lórí ìwé.

Ìwádìí kan tí ó jáde ní ọdún 2012 fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ọdún 21 ni ẹ̀yà tuntun ń lò nínú ìgò kí àpèjúwe rẹ̀ tó jáde. Òmíràn wà tí kò tilẹ̀ ní òpin tí a rí. Láti ọdún 1887 ni a ti mọ àwọn ọmọ kéékèèké kan tí ń léfòó nínú òkun, tí a ń pè ní y-larva nítorí pé a kò mọ ohun tí wọn yóò dà. A ti fún àwọn kan nínú wọn lórúkọ, Hansenocaris ni ìbátan wọn. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí fi omi ara tí ń mú ẹbí akàn bọ́ èèpo sínú omi àwọn tí wọ́n kó ní Okinawa, ní Japan, ohun tí ó sì jáde láti inú èèpo náà rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ní ẹsẹ̀, kò ní ojú tí ó ṣiṣẹ́, ó jọ àfòmọ́ tí ń wá ara ẹni tí yóò wọ̀. Ara ta ni yóò wọ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì rí i.