Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta Àkọ́kọ́: Bí Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Kátólíìkì Ṣe Ń Wọ Ọdún Tuntun

Ẹ̀yin Fáda wa, ẹ̀yin Sísítà, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín kú ìsinmi, mo sì kí yín kú ìpalẹ̀mọ́ ìwọlé. Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ẹ̀kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama Kátólíìkì, ohun tí ó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni àpótí onírin. Ẹni tí ó bá ti gbé ilé ìsùn akẹ́kọ̀ọ́ rí mọ àpótí tí mò ń wí: èyí tí a fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ sí lára, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ so mọ́ ọrùn ọmọ ọdún mọ́kànlá, tí gàrí, ṣúgà, mílíìkì àti kúlíkúlí wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú rosárì kan tí ìyá ọmọ náà dì sínú áńkáṣífù. Ọmọ dúró ti àpótí rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìsùn, mọ́tò tí ó gbé e wá ti ṣẹ́rí padà, kò sì mọ ẹnì kan ṣoṣo níbẹ̀. Orí ọmọ yẹn ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lónìí. Ohun tí ilé-ìwé bá ṣe fún ọmọ tí ó kéré jù, tí ó sì dé kẹ́yìn, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, òun gan-an ni ilé-ìwé náà jẹ́, ohun yòówù kí a kọ sára pátákó tí ó wà lẹ́nu géètì.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ àánú lásán ni mo gbé wá, ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀. Àgùdà ni àwọn ará Èkó ń pe àwa Kátólíìkì láti ìgbà ìwáṣẹ̀, orúkọ náà sì ti ara àwọn tí ó ti oko ẹrú Brasil padà wálé ni ó ti wá. Kí àlùfáà kankan tó fìdí kalẹ̀ ní Èkó, ọkùnrin kan wà láàárín wọn tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Bàbá ni wọ́n ń fi orúkọ náà pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe àlùfáà rárá, ẹni tí ó ti gbé ìgbé ẹrú rí ni. Òun ni ó ń kó wọn jọ láti gbàdúrà. Nígbà tí Fáda Francesco Borghero dé Èkó ní 1863, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA tí Bíṣọ́ọ̀bù Melchior de Marion Brésillac dá sílẹ̀ ní ìlú Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, àwọn ènìyàn tí ó ti ń gbàdúrà pọ̀ ni ó bá nílẹ̀. Àwọn ènìyàn ni ó kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn wọn ni àlùfáà dé, lẹ́yìn àlùfáà ni a tó kọ́ ilé. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ilé-ìwé wa náà. Kí St Gregory's College tó di ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ọbaléńdé ní 1928, kí Holy Child College tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1945, Aquinas College ní Àkúrẹ́ ní 1951, Loyola College ní Ìbàdàn ní 1954, àti St Finbarr's College ní Èkó ní 1956, àwọn òbí kan ti wà tí wọ́n gbà láti fi ọmọ wọn lé ẹlòmíràn lọ́wọ́.

Nígbà tí ìjọba gba ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970, ògiri kò ṣípò padà, pátákó ìkọ̀wé kò ṣípò padà, ọ̀pọ̀ olùkọ́ pàápàá kò kúrò ní àyè wọn. Ohun tí ó tú ká ni àjọṣe tí ó wà láàárín àwọn tí ó mọ ọmọ kọ̀ọ̀kan ní orúkọ. Ní 2001, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn ilé-ìwé padà fún àwọn ìjọ tí ó ni wọ́n, a sì rí i pé àtúnṣe òrùlé rọrùn gan-an ju àtúnṣe àjọṣe lọ. Owó ń tún òrùlé ṣe. Nǹkan kejì yìí, ọdọọdún ni a ń tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, nítorí pé ọdọọdún ni kíláàsì kan ń jáde tí òmíràn sì ń wọlé, ìdí nìyí tí ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kò fi gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ gbígba owó àti pípín kíláàsì nìkan.

Àwọn àgbà tí ó wà níbí yóò rántí pé oṣù January ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tiwọn. January 1955 ni ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọyẹ́ ni ó ń pàdé ọmọ tuntun nígbà náà, ètè a máa là, ẹsẹ̀ a máa funfun. Òjò September ni ó ń pàdé tiwa, àpótí a sì máa rì sínú ẹrẹ̀ kí ó tó dé ilé ìsùn. Èmi kò ráhùn sí September ní tèmi, nítorí pé kàlẹ́ńdà Ìjọ gan-an ń bá wa ṣiṣẹ́ ní àsìkò náà. Ọjọ́ kẹjọ oṣù náà ni a ń ṣe ọjọ́ ìbí Màríà Wúndíá, ọjọ́ kẹrìnlá ni ti Àgbélébùú Mímọ́, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n ni ti àwọn Olú-Áńgẹ́lì. Bí a bá wọ October, ọjọ́ kìíní tí í ṣe ọjọ́ òmìnira ni a ń bu ọlá fún Màríà gẹ́gẹ́ bí Ọbabìnrin Nàìjíríà, oṣù náà látòkèdélẹ̀ sì jẹ́ oṣù rosárì. Ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni lè rí ohun tí ó mọ̀ nínú ọjọ́ wọ̀nyí, bí ó bá ti ń gbọ́ àdúrà náà nílé.

Èyí gbé mi dé orí Mísà Ẹ̀mí Mímọ́. Àṣà yìí ti pẹ́: àwọn Jésúìtì, ẹgbẹ́ àlùfáà Kátólíìkì kan tí wọ́n ṣí ilé-ìwé wọn àkọ́kọ́ fún ará ìta ní ìlú Messina ní ilẹ̀ Ítálì ní 1548, ti ń fi Mísà yìí ṣí ọdún láti ayé wọn. Aṣọ pupa ni àlùfáà ń wọ̀, nítorí ahọ́n iná ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, a sì ń bẹ Ẹ̀mí Mímọ́ pé kí ó fún olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní ọgbọ́n àti òye. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, a dúró de àlejò pàtàkì kan fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ JSS1 wà nínú oòrùn, méjì nínú wọn sì dákú. Nígbà tí àlejò dé, a pàtẹ́wọ́ fún un, a ka oyè rẹ̀, a gbé e jókòó sí iwájú, àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn pe Ẹ̀mí Mímọ́ sì wà lẹ́yìn pátápátá níbi tí wọn kò ti lè rí pẹpẹ. Èmi náà wà níbẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan, nítorí náà kì í ṣe ẹlòmíràn nìkan ni mo ń bá wí.

Bí wọ́n bá bi mí, àwọn ọmọ JSS1 ni kí ó jókòó sí iwájú ní ọjọ́ náà, kí àwọn ni ó gbé ọrẹ lọ sí ibi pẹpẹ, kí wọ́n sì gbé ìwé, ṣọ́ọ̀kì àti ọkọ́ oko ilé-ìwé dání. Nígbà tí àlùfáà bá sì fẹ́ súre fún àwọn olùkọ́, kí ó pe ìyá tí ó jẹ́ olórí ilé ìdáná, dírẹ́bà bọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì, àti bàbá tí ń ṣọ́ géètì pẹ̀lú wọn. Bàbá yẹn ni ẹni àkọ́kọ́ tí ọmọ tuntun rí. Bí ó bá jágbe mọ́ ọmọ náà ní ọjọ́ ìwọlé, ìwàásù wa níbi Mísà náà ti pẹ́ kí ó tó dé.

Lẹ́yìn Mísà ni iṣẹ́ gidi wà, ní ilé ìsùn, lẹ́yìn tí iná bá kú. Ọ̀rọ̀ tí ó dùn mí jù lọ nínú ayé ilé-ìwé wa nìyí. Ní ilé Yorùbá, ẹni tí a bí ṣáájú rẹ ni ẹ̀gbọ́n rẹ. O kò gbọdọ̀ pè é lórúkọ, o máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀, o máa jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ebi bá pa ọ́, òun ni a ó bi, bí o bá sì sọnù lọ́jà, òun ni yóò jẹ ẹgba. Nígbà tí a dé ilé-ìwé, a sọ ẹ̀gbọ́n di síníọ̀. A mú ọ̀wọ̀ inú oyè náà, a sì ju ẹrù inú rẹ̀ nù. Síníọ̀ a máa rán ọmọ ní omi ní aago mẹ́rin ìdájí, a máa mú un kúnlẹ̀, a máa ṣí àpótí rẹ̀ bu gàrí, kò sì sí ẹni tí yóò bi síníọ̀ bí ọmọ náà bá ń ṣàìsàn. Àwọn àgbà pa á lówe pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí wa ni pé àgbà gan-an ni ó ń wọ́ orí ọmọ náà.

Àwọn kan yóò ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí àwọn náà, pé òun ni ó sọ wọ́n di ọkùnrin. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu dókítà, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu lọ́yà, n kò sì tíì rí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó fẹ́ kí wọ́n ṣe é fún ọmọ tirẹ̀. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a dá ẹ̀gbọ́n padà. Kí a fi ọmọ JSS1 kọ̀ọ̀kan lé ọmọ SS2 kan lọ́wọ́ ní gbangba, kí a kọ orúkọ àwọn méjèèjì sínú ìwé, kí ọ̀gá ilé ìsùn sì máa bi ẹ̀gbọ́n léèrè ní alaalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé: ṣé ó jẹun, ṣé ó sùn, ṣé ó mọ ọ̀nà kíláàsì rẹ̀? Mo ní SS2 nítorí pé ìdánwò WAEC ti gba gbogbo ọkàn àwọn ọmọ SS3. Kí a má sì yan kìkì àwọn ọmọ jẹ́jẹ́ fún iṣẹ́ yìí. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo wa kà sí jàgídíjàgan tí ìwà rẹ̀ yí padà nítorí pé ọmọ kékeré kan ń pè é ní ẹ̀gbọ́n, tí ó sì ń sunkún tọ̀ ọ́ wá.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kàn yín. Ìwé tí Àpérò Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì gbogbo ayé, kọ lórí ẹ̀kọ́ ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù October 1965 sọ ọ́ gbangba pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ àti olùkọ́ pàtàkì fún ọmọ, òfin Ìjọ ti 1983 sì pàṣẹ fún àwa olùkọ́ pé kí a máa fetí sí yín. Òtítọ́ ni pé ìwé tí a ń fi ránṣẹ́ sí yín nígbà ìwọlé kò jọ ìwé ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ nǹkan kan. Korobá, fóòmù, àdá, ìgbálẹ̀, owó èyí, owó tọ̀hún. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí a ti bi yín pé, kí ni ọmọ yín ń bẹ̀rù? Àwa ni a jẹ̀bi ìyẹn. Ẹ̀yin náà sì jẹ̀bi tiyín, nítorí pé ẹ máa ń fi nǹkan pamọ́ fún wa. Ọmọ ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, a kò gbọ́ títí òtútù fi mú un ní pápá. Ọmọ ní ikọ́ fée, a fi sí iṣẹ́ gbígbá ilé. Ọmọ ń tọ̀ sílé, ẹ kò sọ fún màtírọ́ọ̀nù nítorí ìtìjú, àwọn ọmọ yòókù ni ó wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìtìjú tí ẹ sá fún nílé sì di ti ọmọ nìkan níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà kan, ẹ fi gọ́ọ̀mù dì í, ẹ fi í lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Lẹ́tà yẹn ṣe pàtàkì ju Milo lọ.

Ní ti àwa olùkọ́, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìpàdé wa ṣáájú ìwọlé máa ń dá lórí èsì WAEC láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a ya ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ láti ka orúkọ àwọn ọmọ tuntun sókè, kí ẹni tí yóò kọ́ wọn sì kọ́ bí a ṣe ń pe orúkọ náà.

Ibẹ̀ ni mo fi ọ̀rọ̀ mi mọ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ṣí àyè sílẹ̀ fún ìbéèrè, Alhaja kan dìde, ó ní ọmọ òun ti gba àyè ní ilé-ìwé wa, Mùsùlùmí sì ni àwọn. Ṣé a ó sọ ọ́ di Àgùdà ni? Mo dá a lóhùn pé kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti fipá mú ọmọ rẹ̀. Àpérò Vatican Kejì kan náà ti kéde òmìnira ẹ̀sìn ní ọjọ́ keje oṣù December 1965, òfin Ìjọ sì ka fífi ipá mú ènìyàn gba ìgbàgbọ́ wa léèwọ̀. Mo tún sọ fún un pé ọmọ náà yóò wà níbi tí a ti ń gbàdúrà, yóò gbọ́ agogo Áńgẹ́lì Olúwa ní ọ̀sán, yóò sì rí àgbélébùú lára ògiri kíláàsì. Ó yẹ kí ó mọ èyí kí ó tó san owó. Ó ní èyí kò ni òun lára, pé ilé bàbá òun gan-an, Mùsùlùmí àti Àgùdà ni ó wà níbẹ̀. Ohun tí òun fẹ́ mọ̀ ni pé nígbà tí ààwẹ̀ bá dé ní sáà kejì, ta ni yóò fún ọmọ òun ní sààrì?

N kò ní èsì. Mo wo ọ̀gá àgbà, ọ̀gá àgbà wo mi. Láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn ni ìyá tí ó jẹ́ olórí ilé ìdáná ti dìde, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo àwọn tí yóò gbààwẹ̀ fún òun kí sáà kìíní tó parí, nítorí pé ẹni tí yóò gbé iṣu kaná ní aago mẹ́rin ìdájí ní láti mọ iye tí òun yóò bẹ.