Wíwá Fáìlì Pẹ̀lú Python Nígbà Tí Orúkọ Rẹ̀ Ní Àmì Ohùn

Ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ní Ìlọrin, Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ kú ìjókòó. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí bí Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ṣe ń bá ni wá fáìlì nínú fódà. Ibi tó le jù fún àwa tí à ń fi Yorùbá sọ fáìlì lórúkọ ni mo fẹ́ kí a pẹ́ sí: orúkọ méjì lè jọra lójú wa, kí kọ̀ǹpútà sì kà wọ́n sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Irinṣẹ́ rẹ̀, pathlib, ti wà nínú Python láti ẹ̀dà 3.4, lọ́dún 2014. `glob("*.pdf")` ń yẹ fódà kan ṣoṣo wò, `rglob("*.pdf")` a máa wọ gbogbo fódà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí Linux, ìwé tó parí sí `.PDF` kò ní bọ́ sí i. Lórí Windows, yóò bọ́ sí i.

Ẹ wá wo Ọ̀fà. Ẹnì kan lè tẹ à ní ẹyọ kan, kí ẹlòmíràn tẹ a, kó tó fi àmì lé e. `len("Ọ̀fà")`, tó ń ka iye ẹyọ inú ọ̀rọ̀, lè jẹ́ 4, ó sì lè jẹ́ 6. HFS+, ètò ìtọ́jú fáìlì tí Mac ń lò tẹ́lẹ̀, a máa ya àmì kúrò lára lẹ́tà kó tó fi orúkọ pamọ́. Bí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ bá dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn, `rglob("*Ọ̀fà*")` lè má rí i, kò sì ní ṣàlàyé kankan. Ẹ sọ orúkọ méjèèjì di irú kan náà kí ẹ tó fi wọ́n wéra:

```
from pathlib import Path
from unicodedata import normalize

def tun(s):
    return normalize("NFC", s).casefold()

ibi = Path(r"D:\Akosile")
oro = [tun("Ọ̀fà"), tun("Offa")]

for f in ibi.rglob("*"):
    if f.is_file() and any(o in tun(f.name) for o in oro):
        print(f)
```

`NFC` ló ń so lẹ́tà àti àmì rẹ̀ pọ̀ di ẹyọ kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe, `casefold` ló sì ń mú lẹ́tà ńlá àti kékeré dọ́gba. Offa, bí wọ́n ṣe ń kọ Ọ̀fà ní Gẹ̀ẹ́sì, gbọ́dọ̀ wà lọ́tọ̀, torí pé bí a tilẹ̀ bọ́ gbogbo àmì ara Ọ̀fà, Ofa ló máa kù, f kan ṣoṣo. Èmi kò gbà pé ká máa bọ́ àmì kúrò ní ìwádìí àkọ́kọ́: ọkọ, ọkọ̀, okó àti oko yóò di ọ̀kan náà. Bí ẹ bá ti wá a tì, ẹ lè ṣe é nígbà náà.

Lẹ́tà `r` tó ṣáájú `"D:\Akosile"` ṣe pàtàkì gidigidi. Láìsí i, `"C:\Users"` yóò dá ètò dúró lójú ẹsẹ̀, torí Python ka `\U` sí àṣẹ.

Bí àbájáde bá ṣófo, ẹ kọ́kọ́ tẹ `print(ibi.is_dir())`. Bó bá sọ pé `False`, ọ̀nà fódà náà ni ẹ kọ sí òdì. Bó bá sọ pé `True`, fódà kan lè wà nínú rẹ̀ tí a kò fún yín láṣẹ láti ṣí. Rglob a máa fò ó láìsọ̀rọ̀. Ẹ kọ `import os` sókè, kí ẹ sì kọ `for _ in os.walk(ibi, onerror=print): pass` sí ìsàlẹ̀ ètò náà, yóò sì kọ orúkọ fódà tí kò lè wọ̀ jáde.