Ẹ Má Fi Ahọ́n Ìyá Àgbà Ṣe Yẹ̀yẹ́

Àsàláámù àláékùm wàráhmátúlláhì wàbàràkátùhú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábà rẹ̀. N kò ní fa ìṣáájú gùn lónìí, nítorí ohun tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ yìí ń ta mí lára.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, ní ẹgbẹ́ àsálátù kan ní Rẹ́mọ, ìyá kan tí ó ń ta obì ní Ṣàgámù, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní 60 ọdún, dìde láti ké Fátíhà fún ààfáà ọ̀dọ́ tí ẹgbẹ́ gbà láti máa kọ́ wọn ní Kùránì. Nígbà tí ó dé ìparí sūrà náà, tí ahọ́n rẹ̀ kò gbé lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n ń pè ní ḍād bí ó ṣe yẹ, ààfáà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó sín ìyá náà jẹ, àwùjọ sì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá pa ìwé rẹ̀ dé, ó jókòó, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun kò ní wá mọ́, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa fi ìwọ̀nba tí òun mọ̀ kírun títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Mo gbọ́ pé ó wà lára àwọn tí ó dáwó fún ọmọkùnrin yìí nígbà tí ó ń lọ kàwé.

Ó wà nínú àkójọ hadīth, ìyẹn ìròyìn ọ̀rọ̀ àti ìṣe Ànábì, tí Ìmáàmù Muslim kó jọ pé Mu'āwiyah ọmọ al-Hakam, ará ìran Sulaym, ẹni tí kò tíì pẹ́ tí ó kúrò nínú ìwà àìmọ̀kan, ń kírun lẹ́yìn Ànábì nígbà tí ẹnì kan sín. Mu'āwiyah mọ̀ pé àdúà ni a ń ṣe fún ẹni tí ó bá sín, ó sì ṣe é ketekete láàrin ìrun pé, «Yarhamukallāh», ìyẹn kí Ọlọ́hun kẹ́ ọ. Àwọn ènìyàn tẹjú mọ́ ọn. Dípò kí ó dákẹ́, ó tún ké pé, «Ó mà ṣe fún ìyá tí ó bí mi o! Kí ni ẹ ń wò mí fún?» Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ gbá itan wọn, ìgbà yẹn ni ó tó yé e pé wọ́n fẹ́ kí òun panu mọ́, ó sì panu mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́sálásí tiwa ni èyí ti ṣẹlẹ̀, kí ìmáàmù tó sàlámà tán, a ti lé e dé títì.

Ẹ gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí fúnra rẹ̀ sọ nípa olùkọ́ rẹ̀: «Kí Ọlọ́hun fi bàbá àti ìyá mi ṣe ìràpadà rẹ̀, n kò rí olùkọ́ kankan ṣáájú rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀ tí ó mọ ènìyàn kọ́ tó o. Mo fi Ọlọ́hun búra, kò jágbe mọ́ mi, kò nà mí, kò bú mi.» Ànábì kàn sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ènìyàn kò tọ́ nínú ìrun, pé àfọ̀mọ́ Ọlọ́hun, gbígbé E tóbi àti kíké Kùránì ni ìrun wà fún.

Èyí tí a kì í sábà kà dé nínú hadīth yìí ni mo fẹ́ràn jù. Nígbà tí Mu'āwiyah rí i pé ojú kò tì òun lọ́dọ̀ ẹni yìí, ó tú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní àwọn kan nínú àwọn ènìyàn òun ń lọ bá aláyẹ̀wò. Ànábì ní kí ó má lọ bá wọn. Ó béèrè nípa àwọn tí ń fi nǹkan ṣe àmì orí burúkú, ó béèrè nípa àwọn tí ń fa ìlà sílẹ̀ láti fi ṣe àyẹ̀wò. Níkẹyìn, ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀: ìkookò gbé àgùntàn kan lọ́wọ́ ẹrúbìnrin rẹ̀ tí ó ń da ẹran nítòsí òkè Uhud, inú bí i, ó sì gbá a létí. Ànábì ka ọ̀rọ̀ ìgbátí yìí sí nǹkan ńlá, títí tí Mu'āwiyah fi béèrè bóyá kí òun dá a sílẹ̀, ó sì gba àṣẹ láti dá a sílẹ̀ lómìnira. Gbogbo ìwọ̀nyí jáde lẹ́nu rẹ̀ nítorí pé ẹni àkọ́kọ́ tí ó tọ́ ọ sọ́nà kò dójú tì í.

Ìyá olóbì wa náà lè ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ nínú. Àwọn ìyá wa mélòó ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ ni ó ń yọ́ lọ sọ́dọ̀ aláyẹ̀wò lálẹ́, tí wọn kò lè bi ààfáà àsálátù léèrè ní ọ̀sán, nítorí pé wọ́n mọ̀ pé yóò fi wọ́n ṣe ẹ̀fẹ̀ lórí ẹ̀rọ?

Mi ò sọ pé kí a fi àṣìṣe sílẹ̀ o. Fátíhà ni, ó yẹ kí a tún un ṣe, ṣùgbọ́n kí a sún mọ́ ẹni náà, kí a rẹ ohùn sílẹ̀, kí a sì tún un ká títí yóò fi bọ́ sí i. Hadīth Àíṣà sọ pé ẹni tí ó ń ké Kùránì tí ó ń kólòlò nínú rẹ̀, tí ó sì ṣòro fún un, láádá méjì ni tirẹ̀. Ohun tí ẹ ń fi í rẹ́rìn-ín, láádá ni ó ń gbà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin ńkọ́? Abu Hurayrah, sàhábà Ànábì, gbà á wá pé lára àwọn tí a óò kọ́kọ́ dájọ́ fún ní ọjọ́ Àjíǹde ni ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀, tí ó fi kọ́ni, tí ó sì ké Kùránì, ṣùgbọ́n tí ó ṣe é kí wọ́n lè pè é ní onímọ̀, kí wọ́n lè pè é ní akéwú. A óò wọ́ ọ ní ìdojúbolẹ̀ jù sínú iná. Ààfáà tí ó ń fi àṣìṣe arúgbó ṣe àkàbà fún ara rẹ̀, ta ni ó ń ké Kùránì fún?

Ẹ̀yin tí ẹ ń di bílálà mú lórí àwọn ọmọ ní ilé-kéwú, ẹ̀yin náà ni mo ń bá wí, àti ẹ̀yin òbí tí ẹ ń sọ fún ààfáà pé, «Ẹ nà án, ẹ má gbà fún un.» Ọlọ́hun sọ fún Ànábì nínú sūrà kẹta, āyà 159, pé ká ní ó jẹ́ ẹni tí ó rorò, ọlọ́kàn líle, wọn ìbá ti fọ́n ká kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àwọn sàhábà ìbá fọ́n ká kúrò lọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ta ni yóò dúró ti ìwọ?

Ẹ̀yin adarí àsálátù, ẹ̀yin ni ẹ gba ààfáà, ẹ̀yin ni ẹ sì lè bá a sọ̀rọ̀. Ànábì tí a sọ Kùránì kalẹ̀ fún ń tún un ká pẹ̀lú màláíkà Jibrīl ní gbogbo Ràmàlánà, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó sì ṣe é ní ọdún tí ó kú. Ó tún ní kí sàhábà rẹ̀, Ibn Mas'ūd, ké e fún òun, ó ní òun fẹ́ràn láti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Nítorí náà, ẹ bi ààfáà yín léèrè ẹni tí òun náà ń jókòó síwájú rẹ̀ láti ké Kùránì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ó dárúkọ rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ wá àgbà kan fún un kí ẹ tó tún gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́.