Ìjàpá tó sùn sábẹ́ igi máńgòrò

Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Kábà la wà lónìí, lẹ́yìnkùlé bàbá mi. Ohun tí ẹ ń wò lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, Volkswagen Ìjàpá ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò l'Ékòó ní 1975. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí kò ti kúrò lójú kan. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ la fẹ́ jí.

Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ yẹn sápò ná.

Ẹ ṣí ìdí rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì wà. Igi ni kí ẹ kọ́kọ́ fi rú u, kì í ṣe ọwọ́. Ejò fẹ́ràn irú ibi báyìí. Ẹ wá wò ó dáadáa bóyá eku ti kó koríko síbẹ̀. Ìjàpá kò ní omi nínú, atẹ́gùn ló ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Bí ìtẹ́ eku bá dí ọ̀nà atẹ́gùn, ẹ́ńjìnì á jóná mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ yọjú wo ẹnu sálẹ́ńsà náà. Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú tiwa!

Ó kan epo. Iwájú ni táńkì rẹ̀ wà. Ẹ gbóòórùn bẹntiróòlù yìí: ó ti ń rùn bí ọ̀dà. Gbogbo rẹ̀ la máa fà dànù, ibi tó jìnnà sí iná ìdáná ìyá mi. Rọ́bà tó ń gbé epo wọ ẹ́ńjìnì ńkọ́? Mo tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó sán. Bí irú èyí bá ń kán epo sórí ẹ́ńjìnì tó gbóná, ọkọ̀ á gbiná. Irin magnesium sì wà lára ẹ́ńjìnì Ìjàpá. Bí ìyẹn bá gbiná, omi ò ní pa á, ńṣe ni yóò tún ràn sí i. Ẹ ra rọ́bà tuntun, ẹ jọ̀ọ́.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì: ẹ tú ti àtijọ́ jáde, ẹ da lítà méjì àbọ̀ sí i. Ẹ tú pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kí ó sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, ẹ yọ jíà, kí ẹ fi sípánà yí ẹ́ńjìnì jẹ́jẹ́. Bí kò bá yí, ẹ fi ọ́ìlì kún un, ẹ dúró. Mẹkáníìkì kan ní ká ti ọkọ̀ àbúrò bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kó ṣáà lè ta. Ohun tó dún nínú ẹ́ńjìnì yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì wà. Ẹ bo orí rẹ̀, kí irin àga má baà kàn án bí ẹnì kan bá jókòó. Iná ni ìyẹn náà.

Ó yá, kọ́kọ́rọ́. Gbọ̀n... gbọ̀n... ẹ gbọ́! Èéfín tó ń rú yẹn, ọ́ìlì tí a kán sí i ló ń jó, á lọ. Ẹ má tẹ iná mọ́ ọn o.

Ìyá mi yọjú láti ilé ìdáná: "Ṣé ó ti jí ni?" Ẹ́ńjìnì ti jí, Màmá. Bíréèkì ò tíì jí, torí náà, a ò ní gbé e kúrò lábẹ́ máńgòrò yìí lónìí.