Bí A Ṣe Ń Yan Ìbọn Afẹ́fẹ́ fún Ọdẹ Ẹran Kéékèèké àti fún Pípa Èkúté

Ẹ káàbọ̀ sí orí fídíò yìí. Ìbọn afẹ́fẹ́ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì níwájú mi, ṣùgbọ́n n kò ní fọwọ́ kan èyíkéyìí nínú wọn títí a ó fi dáhùn ìbéèrè kan: ẹran wo ni ẹ fẹ́ pa, ibo ni ẹ ó sì ti máa yìnbọn sí i? Ẹni tí ó ń bá èkúté jà nínú abà, tí ẹran rẹ̀ kì í jìnnà ju mítà 10 lọ, kò nílò irú ìbọn tí ẹni tí ń dọdẹ ehoro ní etí igbó nílò. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ra ìbọn kí ó tó ronú kan ẹran ni yóò máa wá ẹran tí yóò bá ìbọn rẹ̀ mu kiri.

Ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ wà pẹ̀lú. Ní Jámánì, àgbàlagbà lè ra ìbọn afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ju joule 7.5 lọ láìgba ìwé àṣẹ (joule ni a fi ń wọn agbára tí ọta ń gbé jáde); ní England, nǹkan bíi joule 16 ni ààlà náà fún ìbọn gígùn. Àwọn ẹranko àti ẹyẹ kan sì wà tí òfin dáàbò bò, bí wọ́n tilẹ̀ ń ba oko jẹ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní ni agbára ìbọn. Ohun tí àwọn olùtajà máa ń kọ gàdàgbà sí ara páálí ni bí ọta ṣe ń yára tó, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú iye wọ̀nyẹn ni wọ́n fi ọta fúyẹ́fúyẹ́ tí kò ní òjé nínú wọ̀n, irú èyí tí ọdẹ kì í sábà lò. Joule ni kí ẹ béèrè. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ fúnra yín: ẹ fi ìyára ọta, ní mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ẹ fi ìwọ̀n ọta ní kílógíráàmù sọ èsì náà di púpọ̀, kí ẹ sì pín gbogbo rẹ̀ sí méjì. Ọta gíráàmù 1 tí ń lọ ní mítà 180 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan yóò fún yín ní nǹkan bíi joule 16, èyí sì tó fún ehoro láàárín mítà 30 bí ọta bá bà á ní orí. Fún èkúté inú abà, joule 7 tàbí 8 tó, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ ju èyí tí ó pọ̀ lọ, nítorí ọta tí ó bá lágbára jù yóò la ẹran kọjá, yóò dá ihò sí páànù, tàbí kí ó ta padà lára bíríkì wá bá ojú ẹni tí ó yìn ín. Ìdí nìyí tí ẹ fi rí awò ààbò ní ojú mi. Bí ọta bá sì yára ju ohùn lọ, ìyẹn nǹkan bíi mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, yóò dún gbàmù, yóò sì máa mì nígbà tí ìyára rẹ̀ bá ń dín kù, kò ní lọ tààrà mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni bí ọta ṣe tóbi tó. Nínú ìbọn joule 16 kan náà, ọta mílímítà 4.5 máa ń yára jù, kì í sì í tètè wálẹ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà àṣìṣe díẹ̀ nínú ìdíwọ̀n jíjìnnà kò ní pa á lára púpọ̀. Mílímítà 5.5 wúwo jù, ó sì ń lu ẹran lulẹ̀ dáadáa. Òun ni mo ń yàn fún ehoro àti ọ̀kẹ́rẹ́. Mílímítà 6.35 wà fún ìbọn tí agbára rẹ̀ ga ju ìwọ̀nyí lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni ohun tí ń ti ọta jáde, ibí yìí sì ni owó pọ̀ sí. Ẹ wo ìbọn onísípíríǹgì yìí. A ń ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀ láti fi ká sípíríǹgì, a sì fi ọta sí i; ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀pá náà bọ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí ìka yín bá wà ní ihò tí a ń fi ọta sí, nítorí bí ó bá já padà, yóò gé ìka. Kò nílò ohunkóhun mìíràn, ó sì ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó máa ń ta padà sẹ́yìn, kí ó tún ta síwájú, kí ọta tó kúrò ní ẹnu rẹ̀ rárá. Ẹni tí ó bá dì í mú pinpin kò ní bá ohun tí ó wò. Ẹ jẹ́ kí ó sinmi lórí àtẹ́lẹwọ́ yín tí ẹ ṣí sílẹ̀. Ìtapadà yìí kan náà ni ó ń ba awò ìfojúsùn, èyí tí a ń dè mọ́ orí ìbọn, jẹ́ bí wọn kò bá ṣe é fún un, nítorí náà ẹ ra awò ìfojúsùn tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ó wà fún ìbọn afẹ́fẹ́. Ẹ má sì yìn ín láìní ọta nínú.

Èkejì ni ìbọn tí a ń rọ afẹ́fẹ́ sí ṣáájú, èyí tí a mọ̀ sí PCP. Ó máa ń gba afẹ́fẹ́ tó bar 200 sí 300 sínú sílíńdà (bar ni a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe fún pọ̀ tó), kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ta padà, ó sì rọrùn láti fi yìnbọn dáadáa. Kì í ṣe ohun tuntun: nǹkan bí ọdún 1780 ni àwọn ọmọ ogun Austria ti ń lo ìbọn Girandoni tí afẹ́fẹ́ wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ fi owó pọ́ǹpù tàbí sílíńdà kún iye ìbọn nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìṣirò. Ẹ má ṣe rọ oxygen sí i láé, nítorí ó lè bú gbàmù.

Ẹ̀kẹta, tí gáàsì CO2 inú agolo kékeré ń ti ọta rẹ̀ jáde, rọrùn, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ máa ń dín kù nígbà òtútù. N kò gbà á níyànjú fún ọdẹ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé ìbọn náà sí èjìká nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ó bá ń wúwo lọ́wọ́ yín kí ìṣẹ́jú kan tó pé, yóò wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún ni ọta. Ọta òjé olórí roboto ni ó dára jù fún ẹran, ṣùgbọ́n ìbọn méjì tí wọ́n jọ jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lè má fẹ́ràn ọta kan náà. Ẹ ra oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ sì dán wọn wò. Ẹ fọ ọwọ́ yín lẹ́yìn náà, nítorí májèlé ni òjé.

Ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn ni kí ẹ mọ ibi tí agbára yín mọ. Ẹ ya àmì roboto tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mílímítà 25 sára páálí, kí òkìtì iyẹ̀pẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ yin ọta márùn-ún láti mítà 10, kí ẹ máa sún sẹ́yìn ní mítà márùn-ún márùn-ún. Ibi tí gbogbo ọta márùn-ún ti wọ inú àmì náà kẹ́yìn ni ààlà yín fún ẹran. Ẹ ṣe é ní ìjókòó, ní ìkúnlẹ̀ àti ní ìdúró, nítorí iye náà kì í dọ́gba. Mo lẹ bébà kékeré kan mọ́ ìdí ìbọn tèmi: ìjókòó 30, ìkúnlẹ̀ 20, ìdúró 15. Tiyín yóò yàtọ̀, ẹ sì tún un dán wò nígbàkúgbà tí ẹ bá pààrọ̀ irú ọta.