Tẹ́ ẹ bá ń fi píkọọ̀pù dísù fa tírélà gun òkè, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì yẹn pariwo

Ẹ kú ìjókòó o. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ tẹ́tí sí ìró yìí ná. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ó rọra ń kùn, ó wúwo, ìjókòó sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹni. Ọ̀pọ̀ wa máa gbọ́ irú ìró yẹn, a máa ní áà, ọkọ̀ yìí ò tiẹ̀ mọ̀ pé òun gbẹ́rù. Irọ́ ni o! Ẹ wo gééjì: 1,300 RPM (ìyẹn iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan), gíà kẹfà, a ti tẹ iná kanlẹ̀, tírélà wà lẹ́yìn, òkè wà níwájú, eré ọkọ̀ sì ń dínkù. Ẹ́ńjìnnì yẹn ń jìyà, kò kàn pariwo ni.

Ohun tó ń tàn wá jẹ ni ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ń sọ, pé dísù lágbára nísàlẹ̀. Òótọ́ ni kẹ̀. Ẹ́ńjìnnì dísù inú píkọọ̀pù òde òní sábà máa ń débi tí tọ́ọ̀kì rẹ̀ ti pọ̀ jù ní nǹkan bí 1,600 sí 1,800 RPM. Ṣùgbọ́n tọ́ọ̀kì kàn ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè tì tó ni, iye ìgbà tó ń tì í láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń gbé ẹrù gun òkè. Ẹni tó ru àpò sìmẹ́ǹtì gun àtẹ̀gùn kì í na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ẹsẹ̀ kéékèèké ló máa ń gbé, wéréwéré. Ohun tí gíà kékeré ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀, kò le. Ká ní tọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì yín jẹ́ 800 lb-ft (ohun tí wọ́n fi ń wọn tọ́ọ̀kì nìyẹn), ẹ fi RPM sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ wá pín in sí ọ̀nà 5,252, iye hp, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì, tẹ́ ẹ ní nìyẹn. Ní 1,430 RPM, nǹkan bí 218 hp ló máa fún yín. Eré kan náà, títì kan náà, ẹ wá já a sí gíà kẹrin, RPM gòkè dé 2,200, ó di 335 hp. Ẹ ò ra nǹkan kan kún ọkọ̀ o, gíà lẹ kàn yí.

Ooru wá lọ̀rọ̀ tó jù. Tí RPM bá lọ sílẹ̀ tẹ́ ẹ sì tẹ iná kanlẹ̀, dísù ń wọlé gan-an, àmọ́ tọ́bò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fipá ti atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, ò yí tó láti fún un ní atẹ́gùn tó yẹ, ni èéfín dúdú bá ń yọ, ni ooru sàlẹ́ńsà bá ń lọ sókè. Lásìkò yẹn náà, ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ńpù omi, òun náà ló sì sábà máa ń yí fáànù, torí náà tí ẹ́ńjìnnì bá ń falẹ̀, àwọn tó yẹ kó tù ú lára náà ń falẹ̀. Èmi náà ti ṣe é rí, mò ń ṣọ́ dísù lò, mo há mọ́ gíà tó ga jù títí mo fi rí i tí ọwọ́ gééjì omi kúrò láàárín tó ń lọ síbi pupa. Mo já gíà méjì wálẹ̀, RPM fò sókè sí 2,300, àyà mi já torí ariwo ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n tó dórí òkè, ọwọ́ gééjì ti ń padà.

Nítorí náà, fún píkọọ̀pù tó ń fa ẹrù gun òkè, 2,000 sí 2,500 RPM dáa. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tẹ́ ẹ bá wà ní 1,700 tí ẹ ò sì tẹ iná púpọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sóhun tó ń ṣe é. Ẹ́ńjìnnì tírélà ńlá yàtọ̀ o, tọ́ọ̀kì tiwọn ti máa ń pọ̀ jù láti 1,000 sí 1,400 RPM, ẹ má gbé nọ́ńbà mi lọ síbẹ̀.

Tó bá jẹ́ ọtọmátíìkì lẹ̀ ń wà, ẹ tẹ bọ́tìnnì tow/haul, èyí tó wà fún fífa ẹrù, kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ó máa ń jẹ́ kí gíà pẹ́ kó tó lọ sókè. Tí gíà bá ṣì ń lọ sí kẹfà, ó ń padà sí karùn-ún, ó tún ń lọ, ẹ má wò ó níran, ẹ fi ọwọ́ yín tì í mọ́ karùn-ún. Gbogbo lílọ bíbọ̀ yẹn, ooru ló ń kó sínú ọ́ì gíà, tí ọ́ì yẹn bá sì ti kọjá 120°C, ó ti ń bàjẹ́ nìyẹn.

Ó ku ibi tí wọ́n ti máa ń ṣe àṣìṣe jù, ìyẹn sísọ̀kalẹ̀. Dísù ò rí bíi pẹtiróòlù tó ń pa ẹnu ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé dé tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná, torí náà kì í fi bẹ́ẹ̀ di ọkọ̀ mú fúnra ẹ̀. Bíréèkì sàlẹ́ńsà ló ń ràn án lọ́wọ́, ó ń dí ọ̀nà èéfín kí àwọn písítìn lè máa bá a jà, àmọ́ tí RPM bá kéré, kò ní rí nǹkan gidi ṣe. Ẹ já gíà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe ìgbà tí tírélà bá ti ń tì yín. Tí eré bá pọ̀ jù, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa kí eré wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá tú u sílẹ̀ kó tutù. Ẹ má rọra gbẹ́sẹ̀ lé e láti òkè dé ìsàlẹ̀, torí tẹ́ ẹ bá ti ń gbọ́ òórùn bíi rọ́bà tó ń jó, bíréèkì yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má mú mọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì dúró lẹ́yìn òkè tó le, ẹ má pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 sí 3, kí ọ́ì lè kó ooru kúrò lára tọ́bò.