Ọjọ́ Mẹ́ta Àkọ́kọ́: Bí Ibà Pọ́njú-Pọ́ntọ̀ Ṣe Kúrò ní Èbúté New Orleans

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ́tótó àyíká, ẹ̀yin tí ará àdúgbò yóò máa pè ní wolé-wolé láìpẹ́. Mo mọ̀ pé orúkọ náà kì í dùn mọ́ yín nínú. Ẹ fara balẹ̀, nínú ìtàn tí mo gbé wá lónìí, wolé-wolé ló borí.

Ìlú èbúté ni New Orleans, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà, létí odò Mississippi, kí odò náà tó já sínú òkun tí wọ́n ń pè ní Gulf of Mexico. Ohun tí ọkọ̀ bá gbé dé, ire tàbí ibi, òun ló máa ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Lọ́dún 1853, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí òyìnbó ń pè ní yellow fever, pa nǹkan bí 8,000 ènìyàn níbẹ̀ láàárín oṣù mélòó kan. Afẹ́fẹ́ burúkú ni wọ́n rò pé ó fà á, ni wọ́n bá ń sun ọ̀dà, wọ́n ń yin ìbọn àgbá kí afẹ́fẹ́ lè mọ́. Àgbá ń dún, pósí ń jáde. Ní 1878, ó tún pa ju 4,000 lọ.

Ìsémọ́ ni wọ́n gbójú lé: kí ọkọ̀ dúró lójú omi títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Bí àrùn bá sì bẹ́ sílẹ̀ láàárín ìlú, àwọn ìlú tó múlé tì í á gbé ìbọn dúró lójú ọ̀nà, kí ará New Orleans kankan má wọlé wá.

Dókítà Carlos Finlay ti sọ ọ́ ní Havana, olú ìlú Kúbà, ní 1881 pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà yìí kiri. Fún bí ogún ọdún, wọn ò kà á sí. Ìgbà tí Walter Reed, dókítà ológun Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán an wò ní Kúbà ní 1900 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú. Ọ̀kan nínú wọn, Jesse Lazear, sì kú sẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ̀fọn ọ̀hún, Aedes aegypti, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí ni. Inú àgbá omi ọkọ̀ ẹrú ló bá dé ọ̀hún.

Ẹ wá kọ èyí sílẹ̀. Ẹni tí ibà yìí bá mú, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni ẹ̀fọn lè gba àrùn náà lára rẹ̀. Ẹ̀fọn tó bá sì gbà á yóò lò tó ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá kó tó lè kó o ran ẹlòmíràn. Orúkọ tí a ń pè é gan-an ló ń tàn wá jẹ: pọ́njú, pọ́ntọ̀. Àmì tó máa ń pẹ́ dé ni méjèèjì. Kí ojú aláìsàn tó pọ́n, tí ilé á fi mọ ohun tó ń ṣe é, ẹ̀fọn ti mu tirẹ̀, ó ti lọ. Wolé-wolé tó bá dé lọ́jọ́ karùn-ún, àlejò ló wá ṣe.

Oṣù Keje 1905 ni ó tún dé, ní àdúgbò àwọn ará Ítálì lẹ́bàá ọjà èbúté. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ lára ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà. Wọ́n ń fi aláìsàn wọn pamọ́. Ṣé kí n dá wọn lẹ́bi ni? Ìlú yìí kan náà ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ti pa ará Ítálì 11 ní 1891 láìsí ìdájọ́ ilé ẹjọ́. Ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún aṣojú irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Omi ilé wọn náà tún wà níbẹ̀. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ní àgbá pákó ràgàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé. Ààfin tanwíjí ni. Dókítà Quitman Kohnke, olórí ìlera ìlú, ti ń pariwo láti ọdún mélòó kan pé kí wọ́n bo àwọn àgbá náà, kí wọ́n da kẹrosíìnì díẹ̀ sójú omi, torí tanwíjí gbọ́dọ̀ léfòó kó tó lè mí. Ìgbìmọ̀ ìlú ò gbà. Oṣù Kẹjọ 1905, tí òkú ti ń pọ̀, ni wọ́n tó sọ ọ́ di òfin.

Dókítà Joseph White ti ìjọba àpapọ̀ gba iṣẹ́ náà. Àwọn aláàdúgbò kó ara wọn jọ lábẹ́ òjíṣẹ́ Ọlọ́run Beverley Warner, wọ́n ń bo àgbá láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fi èéfín imí-ọjọ́ pa ẹ̀fọn inú ilé. Dókítà tó gbọ́ èdè Ítálì àti àlùfáà ni wọ́n fi ṣáájú lọ́dọ̀ àwọn ará Ítálì. Aláìsàn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde síta lásìkò, wọ́n sì ń ta nẹ́ẹ̀tì bò ó lójú ẹsẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Kátólíìkì ìlú náà, Placide Chapelle, wà lára àwọn tó kú. Nǹkan bí 450 ni gbogbo wọn. Láti ọdún náà, ibà yìí ò tún jà bí àjàkálẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé ṣebí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà. Ó wà, láti 1937, ẹ̀jẹ̀ ọmọ Gold Coast (Ghana òde òní) kan tó ń jẹ́ Asibi ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é. Síbẹ̀, lọ́dún 2017, ibà náà yọjú ní Ìfẹ́lódùn, ìpínlẹ̀ Kwara, nílẹ̀ Ìgbómìnà. Oṣù Kẹjọ ni ara ẹni àkọ́kọ́ kò yá. Oṣù Kẹsàn-án ni èsì àyẹ̀wò tó ti Dakar, ní Senegal, dé. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta wọn ọ́n.